Orúkọ Tí Mo Pè ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n

Ìwé mẹ́rin ni mo kà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ èyí. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó bá mi tún un ṣe lọ́kàn, kó máa kà lọ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Orúkọ gbogbo ẹni tí mo ti bá pàdé láti kékeré ní Ìkòrò wà lórí mi, títí dé orúkọ ewúrẹ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìyàwó ilé kì í sì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n ti bí sílé kí ìyàwó tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó ni yóò fúnra rẹ̀ wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, èyí tó fi omi fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ ń dún bó ti ń rìn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni mo ṣì ń pè é. Òun náà, "ìyàwó" ló ń pè mí. Mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ìyàwó ni mí síbẹ̀.

Ọkọ mi kú nígbà tí wọ́n ń gbin iṣu. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ ọmọ ní Ìjerò, ó kọ́ ọmọ ní Ayétòrò, kó tó wá jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin èmi àti òun láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ ìtìjú kan tí mo fi kàn án nígbà tí a ṣì ní eyín lẹ́nu, tí n kò sì mọ̀ bóyá ó dárí rẹ̀ jì mí. Mo gbé ìbéèrè náà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ tí àìsàn le jù. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ṣé kí n po ẹ̀kọ fún yín?" Ó ní kí n pò ó. Ó mu ún. Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Nígbà tí mo ń kó ẹrù rẹ̀ ni mo rí ìwé ìkọ̀wé márùn-ún nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ó fi okùn bàtà dì wọ́n pọ̀. Mo rò pé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wà níbẹ̀. Mo ṣí èyí tó wà lókè, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti kọ́ wa: "Bí Balógun ti fojú kan arẹwà náà, tó rí ọrùn rẹ̀ gígùn bí ti lékeléke, àyà rẹ̀ já."

Mo pa ìwé dé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọrùn tèmi kúrú.

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gun ọ̀kadà wá láti Aràmọ̀kọ, ó rò pé ara mi ni kò yá.

"Ẹ̀yin lẹ bá a ṣọ̀rẹ́," mo wí fún un. "Ta ni obìnrin yìí?"

Ó wọ gíláàsì, ó ka ojú ewé kan, ó ka èkejì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ìtàn ni. Ìtàn ìfẹ́ ayé ogun. Obìnrin náà kò sí níbì kankan."

"Bí kò bá sí níbì kankan, báwo ló ṣe mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ gùn?"

"Ó fi ọpọlọ rò ó ni."

"Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi wà níwájú rẹ̀, kò fi ọpọlọ ro ọrùn tèmi."

Òun pàápàá kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń kọ ìwé. Ó kó márààrún lọ sílé, ó kà wọ́n tán, ó padà wá pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó ní ìwé náà dára, pé kí a tẹ̀ ẹ́ fún ìrántí ọdún kan ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun kọ́kọ́ kà á sí etí ará ilé, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n tẹ ohun tí kò tọ́. Bó ṣe di pé gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nìyẹn. Èmi jókòó, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ jókòó, torí òun ni àgbà obìnrin ilé, ohun tó bá ní kí wọ́n yọ, wọn yóò yọ ọ́ ni. Obìnrin aránṣọ kan sì wà tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, ará apá Ọ̀ṣun ni. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó gbé máṣínnì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní ìmọ́lẹ̀ kò tó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe lọ. Balógun ìlú kan mú obìnrin amọ̀kòkò kan lẹ́rú lójú ogun, ó mú un wálé, ìfẹ́ rẹ̀ wá kó sí i lórí. Ní ìwé kìíní, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà.

"Ó ṣe kí ni?" Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ bèèrè.

"Ó kúnlẹ̀, mà."

Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, àbúrò mi kúnlẹ̀ fún ẹ rí?"

"Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń wá gíláàsì rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Lẹ́yìn ìyẹn, Balógun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ojú ewé lórí ojú ewé. "'Láti ìgbà tí mo ti rí ọ, ilé mi tóbi jù fún mi.'" Mo ń gbọ́, mo ń ṣe kàyéfì. Ọkọ mi ló kọ èyí? Ọkọ mi tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ: "Ṣé omi wà?" àti "Ọbẹ̀ yìí dùn ju ti àná lọ." Ti èkejì yìí gan-an, inú mi kì í dùn sí i tán, nítorí ọbẹ̀ àná.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínnì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrú ni obìnrin yìí, àbí?"

"Ẹrú ni."

"Balógun ló ni ín?"

"Òun ló ni ín."

"Tó bá wá ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kí ni ẹrú fẹ́ sọ? Kó ní òun kò fẹ́?"

"Ta ló ń bi obìnrin léèrè nígbà náà?" ni Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ wí. "Wọ́n bi ìyàwó tiwa yìí? Bàbá rẹ̀ la bi."

"Òótọ́ ni," mo ní. "Bàbá mi sì ní òun fẹ́ ẹ."

A rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi bọ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aránṣọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó dà bí ẹni pé olóògbé ti gbọ́ ọ ṣáájú, torí ní ìwé kẹta, obìnrin náà fúnra rẹ̀ bi Balógun ní ìbéèrè yẹn. Balógun wọlé, ó jáde, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó kó àwọn ìkòkò rẹ̀ fún un, ó fi ọ̀nà hàn án. "'Máa lọ sílé rẹ. Bí o bá padà wá, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ ló gbé ọ.'"

"Òmùgọ̀ ọkùnrin!" Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ kígbe. Aránṣọ ń fi apá bùbá oníbàárà nu ojú.

Ọjọ́ tí a dé ìwé kẹrin ni ogun wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Obìnrin náà ti dé àárín odò, ìkòkò lórí rẹ̀. Balógun dúró létí odò, ó ń wò ó lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí igbó. Obìnrin náà wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rí ọ̀tá kan tó yọ láti inú igbó, tó ti fa ọrun. Ó kígbe. Kò pe Balógun. Kò pe olúwa mi. Orúkọ tí ìyá Balógun sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni ó pè, ní ìhòòhò, láìfi nǹkan kan bò ó.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Dúró níbẹ̀! Ó pe ta ni?"

"Ó pe ọkùnrin náà lórúkọ, mà."

"Obìnrin? Ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Nínú ìwé tí wọ́n máa kọ orúkọ ulé wa sí lẹ́yìn?"

"Kò tíì di ọkọ rẹ̀, Ìyá," ni aránṣọ wí.

"Ó ti ń gúnyán fún un láti ìwé kìíní! Ọkọ rẹ̀ ni."

"Ọfà ń bọ̀, Ìyá! Kí ni kó pè é?"

"Kó pè é bó ti yẹ. Kó ní, 'Olówó orí mi, ẹni iyì, Balógun akọni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn.'"

Aránṣọ kà á lórí ìka. "Ọfà ti wọlé níbi 'ẹni iyì'."

"Kó wọlé! Kó kú pẹ̀lú ọ̀wọ̀!"

Ọ̀gá wò wá yíká. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé ohun tí kò bá àṣà mu, a lè yọ ọ́, a fi "Balógun" rọ́pò rẹ̀. Ó ti fa bírò pupa jáde lápò. Ọ̀gá ilé-ìwé lè fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu gbogbo iṣẹ́, kì í fẹ̀yìn tì kúrò lára bírò pupa.

Mo mọ odò yẹn. Kì í ṣe odò rárá, títì ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àkọ́bí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé-ìwé nígbà náà. A lọ kí mọ̀lẹ́bí ní Ẹ̀fọ̀n, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ máa ń dúró. Ọkọ mi ní ìwà kan: bó bá ń rìn, ìwé ni yóò gbé síwájú ojú, yóò máa kà á láàrin títì. Mo ti dúró ra ata lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà, òun ti lọ síwájú. Mo gbọ́ ariwo lókè. Lọ́rì agbégi kan ni, bíréèkì rẹ̀ ti já, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú gẹdú ńláńlá lẹ́yìn. Gbogbo ayé sá. Ọkọ mi ṣí ojú ewé tuntun.

Mo kígbe, "Bàbá wọn!" Bàbá mẹ́wàá ló wà lójú títì yẹn, gbogbo wọn sì jẹ́ bàbá àwọn kan. Òun kò yíjú. Mo tún kígbe, "Ẹ gbọ́ mi o!" Àwọn mìíràn gbọ́ mi, òun kọ́. Ẹnu mi wá là fúnra rẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Orúkọ náà wọ́pọ̀ ní agbègbè wa. Ọkùnrin mẹ́ta ló fò sínú gọ́tà. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Lọ́rì kọjá, kò pa ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró nínú oko kòkó kan nísàlẹ̀. Ṣé ẹ rò pé lọ́rì ni àwọn ènìyàn ń wò? Èmi ni wọ́n ń wò. Obìnrin aláta kó ata mi padà sínú igbá, ó ní, "Ìwọ ìyàwó yìí, ọkọ rẹ lo pè bẹ́ẹ̀ yẹn?" Ọkọ mi jáde nínú gọ́tà, ẹrẹ̀ dé eyín rẹ̀, ó wò mí pẹ́. Kó tó di pé a dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ìròyìn ti gba iwájú wa délé, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìtanràn iyán ni wọ́n dá fún mi. Mo gúnyán fún gbogbo ọmọ ilé lóbìnrin, èmi nìkan nídìí odó, wọ́n jókòó, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń jẹ. Ọkọ mi náà jókòó, ó jẹ nínú iyán ìtanràn náà. Ó tún ní kí n fi díẹ̀ kún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé omi wà?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé mo ti dójú tì í, pé ọkùnrin tí ọmọ ilé-ìwé ń dìde fún, èmi ló pè é bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣeré nínú iyanrìn.

Bírò pupa ti ń bọ̀ lórí ìwé.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Kí ni Balógun wí nígbà tó gbọ́?"

"Ìyàwó," ni Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ wí, "a ti yọ ọ́."

"Ẹ̀ ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ni, ẹ ò tíì yọ ọ́. Ọ̀gá, ẹ kà á."

N kò fún Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ lésì bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fọ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀gá kà á:

"'Balógun dojú bolẹ̀, ọfà kọjá lórí rẹ̀. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Balógun kò fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé ní ó ti rí Balógun fín, wọ́n ní kó gúnyán ìtanràn. Balógun jẹ nínú iyán náà. Ó jẹ púpọ̀, torí bí ẹnu rẹ̀ bá ṣófo, yóò sọ ohun tí Balógun kì í sọ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń pe oyè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń pe orúkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti rò pé kò tún sí ẹni tí yóò pè é mọ́ láyé. Ó fẹ́ kí obìnrin náà tún pè é. Ó lè pàṣẹ fún ìlú, kò lè tọrọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń lọ síbi tó léwu, kì í wo ẹ̀yìn. Etí ló ń fi dúró.'"

Mo ronú kan gbogbo ọdún tí ọkùnrin yìí fi ń ka ìwé láàrin títì, lẹ́yìn lọ́rì yẹn, lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú gọ́tà. Ní Ìjerò, láàrin títì. Ní Ayétòrò, láàrin títì. Ọ̀kadà ń fun fèrè, èmi ń sáré tẹ̀lé e, mo ń pariwo "Bàbá wọn! Bàbá wọn!" Yóò sì dúró díẹ̀ kó tó yà, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo rò pé etí rẹ̀ ló wúwo. Mo tiẹ̀ ra oògùn etí fún un. Ó kán an sétí, kò jiyàn.

"Ọkùnrin burúkú!" mo bú jáde. "Kí ó kú sójú títì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu! Kí ló dé tí kò bèèrè?" Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

"Ìwọ náà kò bèèrè, ìyàwó wa," ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ ni mo pò.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ti ń fi ọ̀pá ya nǹkan sílẹ̀. "Iyán ìtanràn," ó ní. "Dúró ná. Èmi ló dá iyán yẹn! Ṣé mo wà nínú ìwé yìí?"

Ọ̀gá kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ mú un. Ó ṣí ìwé sẹ́yìn. "'Àgbà obìnrin kan wà nínú agbo ilé náà tí ahọ́n rẹ̀ mú ju idà lọ...'"

"Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n!"

"'...bó bá sì ń kọjá, àwọn ọmọ ogun á sọ ohun ìjà sílẹ̀, nítorí bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń dún ní ìdí rẹ̀.'"

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ tún ìró rẹ̀ ró. "Wọ́n sọ ohun ìjà sílẹ̀?"

"Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà."

"Àbúrò mi kì í purọ́," ó ní. "Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ bó ti wà. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ohunkóhun."

Ọ̀gá dé bírò pupa. Ṣùgbọ́n Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ kò tíì tán. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, bó bá wà nínú ìwé, wọ́n ti tún un dá nìyẹn, kí n lọ gúnyán. Mo ní eegun ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ní aránṣọ yóò bá mi gún un. Aránṣọ ní kí ni òun ṣe? Ó ní, "Ìwọ lo ní ọfà ti wọlé níbi 'ẹni iyì'. Iyì ọkọ ẹlòmíràn lo fi ṣeré."

A gúnyán. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ bu òkèlè, kò tíì gbé e sẹ́nu. "Ìyàwó," ó ní, "àwa ọmọ ulé fún ẹ láṣẹ lónìí. Lọ pè é."

Ẹ̀gbẹ́ ilé la sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn, kò jìnnà sí títì. Mo lọ dúró níbẹ̀. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kíní, "Bàbá wọn" ló jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo tún la ẹnu. Mo rántí lọ́rì, mo rántí ẹrẹ̀ eyín rẹ̀, mo sì pe orúkọ rẹ̀, ní ìhòòhò, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó kù nínú mi.

Ọ̀kadà kan dúró gì lójú títì. Ọkùnrin tó gùn ún, ẹni tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀, yọ akoto. "Màmá, ẹ pè mí?"

Mo wò ó. Mo wo ibojì. Ẹni tí mo pè kò lè dá mi lóhùn, ẹni tó dáhùn kì í ṣe ẹni tí mo pè, síbẹ̀ ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ẹ wá jẹ iyán."